Agbára tàbí ẹ̀mí: ibi tó yẹ kí pọ́ìntì akọni lọ ní Monrovia

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó gba ìsàlẹ̀ òkun kọjá já nítòsí Abidjan. Wọ́n mọ̀ ọ́n lára ní Èkó, níbi tí ètò báǹkì ti dẹnu kọlẹ̀. Ọ̀kan nínú mẹ́rin ọ̀hún ni ACE, èyí tó gúnlẹ̀ sí Monrovia lọ́dún 2011, tí íntánẹ́ẹ̀tì Làìbéríà sì fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá ń gbá géèmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì lásìkò náà, àfi kó máa wo akọni rẹ̀ níran.

Ọ̀rọ̀ wáyà kan ọ̀rọ̀ akọni ju bí èèyàn ṣe lè rò lọ. Nínú géèmù idà àti oògùn, ẹni tó ń gbá a ló máa pinnu irú ẹni tí akọni rẹ̀ yóò jẹ́: jagunjagun tó ń gbé irin wúwo, amí ẹlẹ́sẹ̀ jẹ́jẹ́, tàbí oṣó tó ń fi ọfọ̀ dáná sun ọ̀tá. Bó bá ṣe ń ṣẹ́gun ló ń rí pọ́ìntì, pọ́ìntì kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò lọ: apá, ẹsẹ̀, ọpọlọ tàbí ẹ̀mí. Àpapọ̀ ìpinnu wọ̀nyí ni wọ́n ń pè ní build. Olùdámọ̀ràn pọ̀ bí eṣú lórí YouTube, ohun tí ọ̀pọ̀ wọn sì ń wí kò ju pé kí gbogbo pọ́ìntì wọ́ lọ síbi agbára, kí akọni lè pa ọ̀tá kí ọ̀tá tó pa á. Ìmọ̀ràn yẹn dára fún ẹni tí iná rẹ̀ kì í lọ, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kì í sì í ṣe ségesège. Monrovia gba ìṣirò mìíràn.

Ìṣirò ọ̀hún kì í ṣe tuntun. Lọ́dún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà, géèmù orí tábìlì tí kò gbà ju bébà, pẹ́ńsù àti dáìsì. Ẹ̀yà agbára mẹ́fà ni akọni ní. Nígbà náà, dáìsì mẹ́ta ni wọ́n ń jù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohun tó bá sì bọ́ sílẹ̀ ni ìpín rẹ̀. Ẹ̀dà karùn-ún, tó jáde lọ́dún 2014, fàyè gba ríra: pọ́ìntì 27 ni owó ọwọ́. Ibẹ̀ ni ẹ̀tàn wà. Láti 14 sí 15, pọ́ìntì méjì ló ń ná ni, bẹ́ẹ̀ àfikún méjì kan náà ni 14 àti 15 ń fún akọni. Ẹni tí kò bá ní ọ̀nà tí yóò fi sọ 15 di 16 ti fowó ṣòfò.

Elden Ring, tí ilé iṣẹ́ FromSoftware ti Japan gbé jáde lọ́dún 2022, ló fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere jù. Vigor ni orúkọ tó ń pe okun ẹ̀mí. Bí Vigor bá wà ní 25, ẹ̀mí akọni jẹ́ 800. Tó bá dé 40, ó di 1,450. Pọ́ìntì 15 ti ra 650. Láti 40 dé 60, pọ́ìntì 20 ra 450 péré. Láti 60 dé 99 tó jẹ́ òpin, odindi pọ́ìntì 39 kò ra ju 200 lọ. Pọ́ìntì kan tó ń mú nǹkan bí 43 wálé tẹ́lẹ̀ ló wá ń mú márùn-ún wá yìí. Ohun ìjà náà ní ọgbọ́n tirẹ̀: bí akọni bá fi ọwọ́ méjèèjì di í mú, géèmù yóò ka agbára apá rẹ̀ sí ìlọ́po kan àbọ̀. Irin tó ń béèrè 40, 27 ti tó o. Lóòótọ́, kò ní sí ọwọ́ tí yóò gbé asà mọ́, ṣùgbọ́n pọ́ìntì 13 ti yọ, ó sì lè lọ síbi ẹ̀mí.

Ẹ̀mí yẹn gan-an ni Monrovia ń béèrè. Diablo IV, tó jáde lọ́dún 2023, kì í ṣí láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, kódà bí èèyàn bá ń dá a gbá. Ní ọ̀nà Hardcore rẹ̀, akọni tó bá kú ti kú nìyẹn. Àwọn tó ṣe é pàápàá mọ ewu tó wà níbẹ̀: wọ́n fi ìwé àsálà kan sínú géèmù náà, tí yóò gbé akọni kúrò lójú ìjà bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já. Àmọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó kàn ń fà kò tíì já. Akọni dúró gbagidi fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ọ̀tá ń nà án. Ẹni tó kó gbogbo pọ́ìntì sí agbára kò ní bá a láàyè tí àwòrán bá padà ṣí.

Wáyà nìkan kọ́ ló ń fa wàhálà. Lọ́dún 2016, wọ́n fi Mirai, ìyẹn ètò tó ń fipá kó àwọn kámẹ́rà àti ẹ̀rọ ilé onílé jọ láti fi rọ́ lu íntánẹ́ẹ̀tì, kọlu ilé iṣẹ́ tẹlifóònù Lonestar MTN ní Làìbéríà. Ará Bìrìtìkó kan tí wọ́n háyà ló ṣe é, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n oṣù 32 ní London lóṣù Kìíní ọdún 2019. Ibi tí Mirai ti ṣẹ̀ wá ló yani lẹ́nu: àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà tó ń jà nítorí sáfà géèmù Minecraft ló kọ ọ́.

Iná ńkọ́? Ogun abẹ́lé ba ibùdó iná mànàmáná Mount Coffee tó wà lórí odò Saint Paul jẹ́ lọ́dún 1990. Oṣù Kejìlá ọdún 2016 ló tó tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, agbára rẹ̀ sì jẹ́ mẹgawáàtì 88 lẹ́yìn àtúnṣe. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, odò a fà, iná a dín kù. Níbi tí iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti dúró sójú kan, géèmù tí kò bẹ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́wẹ̀ sàn. Aurion: Legacy of the Kori-Odan, tí Kiro'o Games ṣe ní Yaoundé, tó sì jáde lọ́dún 2016, ṣeé dá gbá bí èèyàn bá ti wà á jáde tán. Dungeons & Dragons sì wà fún ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà rárá: láti oṣù Kìíní ọdún 2023 ni apá púpọ̀ nínú òfin rẹ̀ ti wà lábẹ́ Creative Commons, ọ̀fẹ́ ni.

Fún ọ̀gbẹ̀rì tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ Elden Ring ní Monrovia, ètò tó dára ni kó fi agbára díẹ̀ gbé ohun ìjà kan ṣoṣo tó wù ú, kó sáré gbé Vigor dé 40, lẹ́yìn náà kó padà síbi agbára. Tó bá ṣìnà, àtúntò wà. Nínú Diablo II tó jáde lọ́dún 2000, ọdún mẹ́wàá gbáko ni àwọn èèyàn fi dúró kí wọ́n tó fún wọn láǹfààní àtitún pọ́ìntì pín. Nínú Elden Ring, ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ń pè ní Rennala ni wọ́n ti ń ṣe é, ohun kan tí wọ́n ń pè ní Larval Tear ni owó rẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan, èyí tó wà nínú géèmù náà sì níye.