Ilé Ìtẹ̀wé Progress: Bí Ìjọba Sófíẹ̀tì Ṣe Fi Ìwé Bá Gbogbo Ayé Sọ̀rọ̀

Ọ̀pọ̀ ẹni tó lọ sí yunifásítì ní Nàìjíríà láàárín àwọn ọdún 1970 àti 1980 ló mọ orúkọ Progress Publishers. Ìwé Marx, Engels àti Lenin tó ń ti ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ èkejì, Mọ́sìkò ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Lójú ewé tó kẹ́yìn, ilé ìtẹ̀wé náà a máa bẹ òǹkàwé pé kó kọ èrò rẹ̀ nípa ìwé náà àti ìtumọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ojúlé 17, Zubovsky Boulevard, Mọ́sìkò. Ìjọba Sófíẹ̀tì ló ni ojúlé yìí. Òun ló ń yan ìwé, òun ló ń sanwó rẹ̀, òun náà ló sì ń pinnu ohun tí kò gbọdọ̀ wà nínú rẹ̀.

Ọdún 1931 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ètò ọlọ́dún márùn-ún àkọ́kọ́ ti Stalin, olórí Sófíẹ̀tì, ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ àti òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ sì ń ti Jámánì, Amẹ́ríkà àti ibòmíràn wá ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Sófíẹ̀tì. Wọ́n dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan sílẹ̀ tí yóò máa tẹ ìwé fún wọn ní èdè wọn, tí yóò sì tún máa fi ìwé ránṣẹ́ sókè òkun. Nígbà tí Stalin bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn èèyàn ní 1937 àti 1938, àwọn àjèjì tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò mórí bọ́. Àwọn kan tó sá fún Hitler wá sí Mọ́sìkò di ẹni tí wọ́n mú lóru. Ní ìparí àwọn ọdún 1930, orúkọ ilé ìtẹ̀wé náà yí padà di Ilé Ìtẹ̀wé Èdè Ilẹ̀ Òkèèrè. Ní 1963, ó di Progress.

Bí ìlànà bá ti yí padà lókè ni ìwé ń yí padà. Wọ́n ti ṣètò pé ìdìpọ̀ 16 ni àkójọ iṣẹ́ Stalin yóò jẹ́, ìdìpọ̀ 13 sì ti jáde. Ní oṣù kejì ọdún 1956, Khrushchev, tó di olórí lẹ́yìn Stalin, tú àṣírí ìwà ìkà rẹ̀ níwájú àpérò ẹgbẹ́ kọ́múníìsì. Ìdìpọ̀ mẹ́ta tó kù kò jáde mọ́ ní ayé Sófíẹ̀tì. Lenin ni wọ́n wá gbájú mọ́: láàárín 1960 sí 1970, wọ́n tẹ ìdìpọ̀ 45 iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1975, wọ́n darapọ̀ mọ́ ilé ìtẹ̀wé kan ní Lọ́ńdọ̀nù àti ọ̀kan ní New York láti bẹ̀rẹ̀ àkójọ iṣẹ́ Marx àti Engels. Ìdìpọ̀ 50 ni, 2004 ló sì parí, nígbà tí orílẹ̀-èdè tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò sí mọ́.

Àwọn ògbufọ̀ ló gbé iṣẹ́ náà ró, wọ́n sì kúnjú ìwọ̀n. Mọ́sìkò gbà pé ọmọ tó mu èdè pẹ̀lú ọmú ló yẹ kó túmọ̀ sí i, nítorí náà wọ́n ń pe àwọn òǹkọ̀wé láti òkèèrè wá máa gbé lọ́dọ̀ wọn. Margaret Wettlin, ọmọ Amẹ́ríkà, dé ní 1932, ó sì lò tó ọdún márùndínláàádọ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀. Bhisham Sahni, tó padà di gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé ní Íńdíà, túmọ̀ ìwé Rọ́síà sí èdè Hindi níbẹ̀ láti 1957 sí 1963. Tí ògbufọ̀ bá ti parí tirẹ̀, olóòtú ọmọ Sófíẹ̀tì a gbé e yẹ̀ wò, gbólóhùn sí gbólóhùn, pẹ̀lú ti Rọ́síà. Lẹ́yìn èyí ló kan Glavlit, àjọ tó ń yẹ gbogbo ìwé wò. Dídùn ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ ògbufọ̀. Ohun tí ọ̀rọ̀ sọ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Progress tún ń túmọ̀ ìwé òkèèrè sí èdè Rọ́síà. Ní àwọn ọdún 1970, wọ́n tẹ The Interpreters ti Wọlé Ṣóyínká jáde níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìwé kan wà tí aráàlú kì í rí. Wọ́n á túmọ̀ wọn, wọ́n á tẹ ìwọ̀nba ẹ̀dà, wọ́n á fi nọ́ńbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì há a fún àwọn ìjòyè tí orúkọ wọn wà nínú àkọsílẹ̀ kan. Kí orúkọ Progress tó wà, ní 1962, irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ 300 péré ni ilé ìtẹ̀wé mìíràn ní Mọ́sìkò tẹ nínú For Whom the Bell Tolls ti Hemingway.

Ní Nàìjíríà, ìjọba amúnisìn ti fòfin de ìwé kọ́múníìsì ní àwọn ọdún 1950. Lẹ́yìn òmìnira ni ọ̀nà là díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọmọ wa lọ kàwé ní Yunifásítì Patrice Lumumba, tó ṣí ní Mọ́sìkò ní 1960. Dókítà Tunji Otegbeye, ọmọ Ìlaròó, dá ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn òṣìṣẹ́ àti àgbẹ̀ sílẹ̀ ní 1963. Ọ̀gbẹ́ni Ola Oni, tó kọ́ni ní ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní Yunifásítì Ìbàdàn, ṣí ilé ìtàwé àwọn sósíálíìsì sí ìlú náà. Owó tí wọ́n ń ta ìwé Mọ́sìkò kò tó iye tó ná wọn láti tẹ̀ ẹ́, nítorí ìjọba ló ń dí àlàfo rẹ̀. Nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, SAP, ti 1986 sọ náírà di yẹpẹrẹ, tí ìwé Lọ́ńdọ̀nù di ọ̀wọ́n gógó, ti Mọ́sìkò ṣì ṣeé rà.

Ìparí dé ní 1991. Bí ìjọba Sófíẹ̀tì ṣe wó, owó ìrànwọ́ dáwọ́ dúró, wọ́n sì ti ẹ̀ka èdè òkèèrè pa. Àwọn ògbufọ̀ tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé wọn ní Mọ́sìkò di aláìníṣẹ́.

Ìdájọ́ wo ló tọ́ sí Progress? Ó yẹ ká yìn ín pé ó bá àìmọye èèyàn sọ̀rọ̀ ní èdè abínibí wọn, ní iye tí apá tálákà ká. Kò sí ìjọba kan ní ilẹ̀ Yorùbá tó tíì ná irú owó bẹ́ẹ̀ lórí ìwé títúmọ̀ sí èdè wa, ó sì yẹ kí ojú tì wá. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òǹkàwé kan kò lè ka ẹjọ́ àwọn tí wọ́n kó lọ ní 1937 nínú ìwé rẹ̀. Kí ìjọba máa sanwó ìwé, ẹ jẹ́ ká bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣe é. Kí yíyan ohun tí a ó kà sì wà lọ́wọ́ àwọn tí ìjọba kò lè lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́.