A fi Nikon sílẹ̀, a mú Fujifilm: kámẹ́rà tí kì í da agbo rú

Ẹni tí ó bá ti dúró ní agbo Ẹ̀fẹ̀ rí ní Kétu yóò mọ ìgbà tí ìlù máa ń sinmi, tí ẹlẹ́fẹ̀ yóò gbóhùn sókè, tí tọmọdé tàgbà yóò sì tẹ́tí sí i. Ìwúre ń bẹ nínú orin náà, ẹ̀bẹ̀ sí àwọn ìyá wa ń bẹ nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ń ta oníwà ìbàjẹ́ lára kò sì gbẹ́yìn. Bí kámẹ́rà bá ké «kaṣà» nírú àkókò yìí, àwọn tó wà nítòsí á yíjú padà, ọkàn wọn á sì kúrò lára orin. Ariwo kékeré yìí gan-an ni ó mú kí àwa tí a ń ya àwòrán fún ẹgbẹ́ àṣà ilé-ẹ̀kọ́ wa pààrọ̀ irinṣẹ́.

Nikon D7200 ni a ń lò tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ tí ó jáde ní ọdún 2015, tí kò já wa kulẹ̀ rí nínú eruku ọyẹ́. A kò ní sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa. Ṣùgbọ́n reflex ni, ìyẹn ni pé dígí kan dábùú nínú rẹ̀ lẹ́yìn lẹ́ńsì. Ìmọ́lẹ̀ á wọlé, dígí á darí rẹ̀ sókè sí ihò tí a fi ojú sí. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì, dígí á fò sókè kí ìmọ́lẹ̀ lè kọjá, á sì tún já wálẹ̀. Fífò àti jíjá yẹn ni ó pọ̀ jù nínú ariwo tí à ń wí. Nínú èyí tí àwọn elédè Faransé ń pè ní hybride, wọ́n ti yọ dígí náà kúrò pátápátá: ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ tààrà sórí ojú tí ń gbà á, ohun kan bíi tẹlifíṣọ̀n kékeré sì ń fi àwòrán hàn wá nínú ihò. Panasonic ni ó kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde, ní ọdún 2008. Nígbà tí kò sí dígí mọ́, ẹ̀rọ lè tẹ́ẹ́rẹ́. Nínú Nikon wa, mìlímítà 46.5 ni ó wà láàárín ẹnu ibi tí à ń de lẹ́ńsì mọ́ àti ojú tí ń gba ìmọ́lẹ̀. Nínú Fujifilm X-T30 tí a rà ní àlòkù, 17.7 péré ni.

Ìwúwo wọn jìnnà síra. Nikon pẹ̀lú bátìrì àti káàdì jẹ́ gíráàmù 765, lẹ́ńsì 18-140 tí ó máa ń wà lẹ́nu rẹ̀ sì fi 490 kún un. X-T30 jẹ́ 383, lẹ́ńsì 35 f/2 jẹ́ 170. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí ó bá ti gbé ti àkọ́kọ́ kọ́rùn láti alẹ́ di àfẹ̀mọ́jú kò nílò àlàyé. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yà wá lẹ́nu jù ni ìwà àwọn tí à ń yà. Lẹ́ńsì gígùn máa ń mú kí àwọn àgbà gbára dì, kí wọ́n ṣe ojú bí ẹni tí ó wà níwájú adájọ́. Ìyá àgbà kan wo ẹ̀rọ tuntun náà, wọ́n ní: «Ẹ̀yin olùkọ́, ṣé kámẹ́rà ni ẹ pe èyí? A rò pé ohun ìṣeré ọmọ ni.» Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbà kí a ya ẹ̀rín náà. A kò tíì ní àwòrán ìyá àgbà tí ó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí a tẹ̀ ní Ifá ní Kétu ní ọdún 1953, tí ó sì gba orúkọ Fátúmbí, Rolleiflex ni a mọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ níhìn-ín àti ní Bàhíà. Dígí wà nínú Rolleiflex, ṣùgbọ́n ojú kan ni ó dúró sí, kì í fò. Ẹni tí ń lò ó á gbé e sí àyà, á tẹrí ba láti wo inú rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni tí ń kí ẹni tí ó fẹ́ yà.

Gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, ohun tí a kọ́kọ́ fẹ́ràn lára X-T30 ni àwọn nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Òrùka lẹ́ńsì ń sọ bí ojú lẹ́ńsì ti ṣí tó, kẹ̀kẹ́ orí ẹ̀rọ ń sọ iye àkókò tí ìmọ́lẹ̀ yóò fi wọlé: 1/60, 1/125, 1/250. Akẹ́kọ̀ọ́ lè kà á kí a tó tan ẹ̀rọ, ó sì lè rí nínú ihò, kí ó tó tẹ bọ́tìnnì, bóyá ojú aláwọ̀ dúdú tí àtùpà kan ṣoṣo ń tàn sí yóò hàn tàbí yóò sọnù sínú òkùnkùn. Ní ti àwọ̀, Fujifilm ti ń ṣe fíìmù láti ọdún 1934, ó sì kó orúkọ àwọn fíìmù náà sínú ẹ̀rọ. Provia tẹ́ wa lọ́rùn. Velvia ńkọ́? Ó ń sọ ilẹ̀ pupa Kétu di ibi tí a da epo pupa sí.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ní ààlà tirẹ̀. Bí a bá pa ohùn ẹ̀rọ mọ́ pátápátá, ìlà lẹ́yìn ìlà ni ojú tí ń gba ìmọ́lẹ̀ ń kà, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kí ó tó kà á tán, oníjó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí ń sáré yípo ti kúrò níbi tí ó wà; igi á wá tẹ̀ nínú àwòrán, bí ẹni tí ẹmu ń pa. Iná LED náà lè fi ìlà dúdú sí i. Nítorí náà, orin òru ni a ń fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yà. Ní ọ̀sán, tí ìlù àti ṣaworo ẹsẹ̀ bá ti gbòde, a ń jẹ́ kí ó ké, kò sí ẹni tí yóò gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan sì wà tí a ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ wa: ẹ̀rọ tí kò lóhùn rọrùn láti fi jí àwòrán gbé. Ẹ kọ́kọ́ lọ kí àwọn àgbà agbo. Ohun tí wọ́n bá ní ojú kò gbọdọ̀ rí, kámẹ́rà kò gbọdọ̀ rí i.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀fẹ́ ni pípààrọ̀. Lẹ́ńsì Nikon kò bá ẹnu Fujifilm mu. Òrùka ìsopọ̀ tí owó wa ká ń jẹ́ kí ó dúró níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni a ó fi máa yí i títí àwòrán yóò fi mọ́ kedere. A ta méjì nínú lẹ́ńsì mẹ́ta kí a tó rí owó tuntun. Nikon náà gbé hybride Z6 àti Z7 jáde ní ọdún 2018, ó kàn jẹ́ pé wọ́n ju àpò wa lọ. Ìnira tó kù ni bátìrì. Àwọn tó ṣe X-T30 ka àwòrán bíi 380 sí bátìrì kan. Ti D7200 jẹ́ bíi 1110. Òru Ẹ̀fẹ̀ kì í kúrú, nítorí náà mẹ́rin ni a ń gbé lọ, a sì ń gba agbára sí gbogbo wọn kí a tó kúrò nílé, torí a kò mọ̀ bóyá iná yóò wà lọ́hùn-ún. Nikon àtijọ́ ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù pẹ̀lú lẹ́ńsì gígùn tí ó kù. Àwọn tí ń ya eré bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń wá a ní ọ̀sán Ọjọ́rú. Lórí pápá, kò sí ẹni tí ariwo rẹ̀ ń dí lọ́wọ́.