Alága Ìdúró, Alága Ìjókòó àti Òfin Abidjan

Lọ́jọ́ ìdána ní Treichville tàbí Adjamé ní Abidjan, ilẹ̀kùn ilé ìyàwó lè ṣí sílẹ̀ gbayawu, àfìgbà tí alága ìjókòó, agbẹnusọ ẹbí ìyàwó, bá fọhùn ni ẹbí ọkọ yóò mọ̀ pé títì ló wà. Owó ìṣílẹ̀kùn ni yóò kọ́kọ́ bèèrè. Alága ìdúró, tí ẹbí ọkọ háyà, yóò kọrin, yóò kúnlẹ̀, yóò bẹ̀bẹ̀ títí owó náà yóò fi wálẹ̀ díẹ̀. Kò sì sí ohun tó ní kí àwọn méjèèjì má jọ wọ takisí kan náà wá.

Òfin Côte d'Ivoire kò mọ èyíkéyìí nínú wọn. Láti oṣù kẹwàá ọdún 1964 ló ti ka owó orí léèwọ̀, ó sì sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n. Ìgbéyàwó tí wọ́n bá ṣe ní mairie, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, nìkan ni ìjọba kà sí. Síbẹ̀, àwọn Akan ṣì ń lọ kan ilẹ̀kùn àna, èyí tí gbogbo ìlú ń pè ní kôkôkô, àwọn ọmọ Èjìgbò tó kún Abidjan sì ń ru iṣu, obì, orógbó, atare àti oyin lọ sílé ìyàwó.

Owó tí òfin náà ń bá jà ni èyí tó ń bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó láṣẹ lórí ọmọbìnrin, tó jẹ́ pé bí kò bá wọlé, ìyàwó kò ní jáde. Yorùbá lè ní ọ̀rọ̀ yẹn kò kan àwọn. Ọ̀pọ̀ bàbá ló ń dá owó orí padà lójú agbo, pé àwọn ò ta ọmọ. Sàdáákì tí àfáà fi so yìgì, ìyàwó ló ni ín. Ta ló wá kù tó ń gbowó? Alága ni. Owó bàbá gbọ́, owó ìyá gbọ́, owó ìyàwó ilé, owó ẹni tó ka lẹ́tà: ẹnìkan kì í dá ìwọ̀nyí padà.

Àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn ní eré lásán ni, pé láìsí alága agbo á kàn tutù ni. Àwọn àgbà kan ń rántí ìgbà tó jẹ́ ìyàwó ilé tó lẹ́nu dáadáa ló ń ṣe é, tí wọn kì í bá a dúnàá-dúrà. Nísinsìnyí, alága ní káàdì, ó ní onílù, ó sì ń gba àsansílẹ̀. Ká ṣáà máa pè é ní àṣà.

Ẹ tún wo aṣọ. Gèlè alága lè ga ju ti ìyàwó lọ. Aṣọ òkè lè ti Ìsẹ́yìn wá, ti ẹbí sì lè jẹ́ àǹkárá tí Uniwax tẹ̀ ní Yopougon. Bí àna bá jẹ́ Akan, aṣọ wọn tó ń jẹ́ kita náà yóò jáde nígbà ìpààrọ̀ aṣọ. Ìyá tó ń pín aṣọ ẹbí, bóyá ló ń tà á ní iye tó rà á. Òfin 1964 kò dárúkọ ìyẹn náà.

Ní mairie, tọkọtaya àti ẹlẹ́rìí wọn yóò fọwọ́ síwèé. Ẹnikẹ́ni kì í bèèrè owó ìṣílẹ̀kùn níbẹ̀.