Ẹ̀ṣẹ́, idà tàbí ọ̀pá: èwo ni kí akọni mú?

Ní ọdún 1974, Gary Gygax àti Dave Arneson gbé eré Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà. Àwọn eléré a jókòó yí tábìlì ká. Ẹnì kan ń sọ ìtàn bí apàlọ́; olúkúlùkù àwọn yòókù sì ní akọni tirẹ̀ nínú ìtàn náà. Ọmọ alójú púpọ̀ tí wọ́n ń dà, bí ti lúdò, ni ó ń sọ bí ìjà ṣe lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn akọni náà ni monk. Kì í wọ ẹ̀wù irin, kì í sì í gbé asà. Bí ó bá kú, làálàá ẹni tí ó ti ń tọ́ ọ bọ̀ láti oṣù púpọ̀ lè di asán. Kí ni kí ó wá fi jà?

Nínú òfin eré náà ti ọdún 2014, ọmọ alójú 4 ni ti ẹ̀ṣẹ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ alójú 6 ni ti idà kúkúrú. Ṣùgbọ́n ọmọ alójú 8 ni ti ọ̀pá tí a fi ọwọ́ méjèèjì dì mú, bẹ́ẹ̀ ni owó idà kan ṣoṣo tó ra ọ̀pá 50!

Ṣé kí a gbàgbé ẹ̀ṣẹ́ ni? Rárá o. Ní ipele 6, ẹ̀ṣẹ́ akọni di ti oògùn. Ó ń dun àwọn abàmì ẹ̀dá tí ọ̀pá lásán kì í fi bẹ́ẹ̀ dùn. Ní ipele 11, òun náà di alójú 8, ó bá ọ̀pá dọ́gba.

Nítorí náà, ọlọ́gbọ́n eléré a máa lo méjèèjì: ó fi ọ̀pá na ọ̀tá, ó sì tún fi ẹ̀ṣẹ́ lé e, nítorí òfin gbà á láyè.