Ìní, Ìpamọ́ àti Ìkógun: Ìtàn Ère Màríà ti Michelangelo ní Bruges

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn ìní iṣẹ́ ọnà kan ní èdè Yorùbá sábà máa ń to orúkọ àwọn tí iṣẹ́ náà ti wà lọ́wọ́ wọn tẹ̀lé ara wọn. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, mo sì kà á sí iṣẹ́ tí ó pé. Ṣùgbọ́n pé nǹkan wà lọ́wọ́ ẹnì kan kò sọ ọ́ di tirẹ̀. Ẹni tí ó gba ewúrẹ́ sìn mọ̀ pé òun lè pín nínú ọmọ rẹ̀. Ó sì mọ̀ pé ìyá ewúrẹ́ ní olóhun. Èdè wa ti ya ìní, ìpamọ́ àti ìkógun sọ́tọ̀ kí a tó ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kankan. Ère òkúta mábù kan ni mo fẹ́ fi dán ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí wò.

Ère Màríà àti Jésù ọmọ rẹ̀ ni, tí Michelangelo gbẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Gíga rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 128. Ọmọ náà kò sí lórí itan ìyá rẹ̀. Ó dúró sáàárín orúnkún rẹ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ sọ̀kalẹ̀, ìyá kò sì wò ó. Ìdílé Mouscron, àwọn oníṣòwò aṣọ ní Bruges tí òwò wọn dé Ítálì, ni ó rà á. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1506, Michelangelo kọ̀wé láti Róòmù sí baba rẹ̀ ní Florence pé kí ó jẹ́ kí wọ́n gbé ère Màríà kan tí a fi mábù gbẹ́ wá sínú ilé, kí ó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ère yìí ni ó ń sọ, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, lẹ́tà mìíràn sọ̀rọ̀ nípa bí wọn yóò ṣe fi ère náà ránṣẹ́ sí Flanders. Ní 1514, wọ́n fi í ta ìjọ Ìyá Wa Màríà ní Bruges lọ́rẹ. Títà ni ti àkọ́kọ́, ọrẹ ni ti èkejì; ìní dé ọwọ́ ìjọ láìsí àríyànjiyàn.

Ẹ̀rí inú ìwé ni ó ṣe ségesège. Ascanio Condivi, ọmọ ẹ̀yìn Michelangelo, tẹ ìtàn ìgbésí ayé ọ̀gá rẹ̀ jáde ní 1553, nígbà tí ọ̀gá náà ṣì wà láyé. Ó ní dúkátì 100 ni àwọn Mouscron san, ṣùgbọ́n ó tún ní idẹ ni wọ́n fi rọ ère náà. Albrecht Dürer, ayàwòrán ará Jámánì, fojú ara rẹ̀ rí i ní Bruges ní oṣù kẹrin ọdún 1521. Alabásítà ni ó kọ sínú ìwé ìrìnàjò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí a fi ṣe ère nìkan ni a fi ń dá a mọ̀, ère mẹ́ta ni à bá máa wá kiri. Orúkọ ẹni tí ó rà á àti ibi tí ó wà ni ó so àwọn ẹ̀rí náà pọ̀.

Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Faransé gba ilẹ̀ náà ní 1794, wọ́n gbé ère náà lọ sí Paris. Wọn kò fi bò. Lójú tiwọn, ẹ̀tọ́ aṣẹ́gun ni. Ó di 1816, lẹ́yìn ìṣubú Napoleon, kí ó tó padà. Ìdílé Habsburg ni ó ń jọba lórí Bruges kí Faransé tó dé. Ní 1816, ọba Nẹ́dálándì ni, orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù kò sì tíì sí. Síbẹ̀, inú ìjọ kan náà ni wọ́n dá ère náà padà sí. Ìdí nìyí tí n kò fi lè fara mọ́ kíkọ Faransé sínú ìlà àwọn olóhun. Kí a kọ ọ́ pé ó wà ní Paris ní ìkógun, kí orúkọ ìjọ sì dúró ní ipò olóhun fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn.

Ti 1944 nira ju èyí lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìpamọ́ ni wọ́n fi bò ó. Ní oṣù kẹsàn-án, bí àwọn ọmọ ogun Jámánì ti ń múra àtikúrò ní Bruges, wọ́n wọ inú ìjọ náà lóru. Wọ́n ní àwọn fẹ́ dáàbò bo ère náà kí ọwọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà má bàa tẹ̀ ẹ́. Wọ́n fi tìmùtìmù wé e, wọ́n sì gbé e sínú ọkọ̀ tí ó ní àmì Àgbélébùú Pupa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń pa nǹkan mọ́ a máa jẹ́wọ́ olóhun, a máa jẹ́ kí ó mọ ibi tí nǹkan rẹ̀ wà, a sì máa dá a padà. Wọn kò ṣe ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Inú ihò ìwakùsà iyọ̀ kan ní Altaussee, ní ilẹ̀ Austria, ni wọ́n gbé e sí, pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ ọnà mìíràn. Ní oṣù kẹrin ọdún 1945, August Eigruber, tí ó jẹ́ aláṣẹ ẹgbẹ́ Nazi ní agbègbè náà, ní kí wọ́n kó àpótí mẹ́jọ wọ inú ihò ọ̀hún. Wọ́n kọ ọ́ sí ara wọn pé mábù ni. Bọ́ǹbù oníkílógíráàmù 500 ni ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn awakùsà ibẹ̀ ni wọ́n kó wọn jáde kí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó dé ní oṣù karùn-ún. (Èyí tí ó jẹ́ mábù, Condivi pè é ní idẹ, èyí tí ó jẹ́ bọ́ǹbù, wọ́n pè é ní mábù.)

Láti ìgbà náà títí tí ère náà fi gba Munich padà sí Bruges ní ọdún kan náà, ọ̀dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà ni ó wà. Nínú gbogbo ìrìnàjò rẹ̀ láti 1794, oṣù díẹ̀ wọ̀nyẹn nìkan ni mo lè kọ ìpamọ́ sí.