Àsíá Wa Nínú Ilé Wa

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdọọdún, Ọjọ́ Òmìnira, kì í ṣe ọjọ́ tí a ó kàn fi sùn títí oòrùn yóò fi mú. Ó yẹ kí bàbá, ìyá àti ọmọ jókòó pọ̀, kí wọ́n sọ̀rọ̀ nípa àsíá wa. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ọmọ wa ló ya àsíá náà. Olóògbé Táíwò Akínkúnmi, tí a bí ní Ìbàdàn ní 1936, ń kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1958 nígbà tí ó kà á nínú ìwé ìròyìn pé wọ́n ń wá ẹni tí yóò ya àsíá fún Nàìjíríà. Ó yà á, ó fi ránṣẹ́. Tirẹ̀ ni wọ́n mú, wọ́n sì fún un ní £100. Oòrùn pupa kan wà láàrin èyí tí ó yà, ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ yọ ọ́ kúrò. Ní 1 oṣù kẹwàá, 1960, wọ́n sọ àsíá Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀, wọ́n fa tiwa sókè. Bàbá náà dolóògbé ní 2023.

Kí ni àwọ̀ náà ń sọ? Àwọ̀ ewé dúró fún ilẹ̀ wa àti iṣẹ́ àgbẹ̀. Funfun dúró fún àlàáfíà àti ìṣọ̀kan. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ rò ó wò. Bí kò bá sí àlàáfíà lójú ọ̀nà, ṣé iṣu lè dé ọjà? Ṣé gààrí lè kúrò lóko? Bí kò bá sì sí ìṣọ̀kan, ta ni yóò dá owó ẹgbẹ́? Nítorí náà, ọ̀rọ̀ àsíá kì í ṣe ti ìjọba nìkan, tiwa ni.

Báwo la ó ṣe bu ọlá fún un nílé? Èkíní, kí àsíá rí bó ti yẹ. Ọ̀já mẹ́ta ọgbọọgba ni, òòró ni wọ́n dúró, funfun ló wà láàrin. Ẹ̀yin tí ẹ ń rán an tà, gígùn rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ìbú rẹ̀: bí ìbú bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2, gígùn á jẹ́ 4.

Èkejì, kí ó má wọ́ nílẹ̀. Bí ó bá ti ya tàbí ti ṣá, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Òfin ilẹ̀ wa kò fẹ́ kí a ta àsíá tó ti bàjẹ́. Ẹ má fi í nu tábìlì, ẹ má fi bo igbá ata lọ́jà. Ohun tí ọmọ bá rí i pé a fi ṣe àkísà, kò ní bọ̀wọ̀ fún un láéláé.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ ta á láàárọ̀, kí ó sì ká a kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ó bá bi yín pé kí ni àwọ̀ ewé yẹn, ẹ fi oúnjẹ tó wà nínú abọ́ rẹ̀ hàn án. Ẹ sọ fún un pé iṣẹ́ àgbẹ̀ tó gbìn ín àti ìyá tó rà á lọ́jà ló wà lára àsíá yẹn.