«JẸ»: ọ̀rọ̀-ìṣe kékeré tí ìtumọ̀ rẹ̀ pọ̀

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà léèrè pé kí ni ìtumọ̀ «jẹ», yóò dáhùn pé kí a fi oúnjẹ sí ẹnu kí a sì gbé e mì ni. Ìdáhùn náà tọ́, ṣùgbọ́n kò tó. Ẹni tí ó jẹ iṣu, ẹni tí ó jẹ gbèsè àti ẹni tí ó jẹ oyè kò ṣe ohun kan náà. A fẹ́ fi hàn níhìn-ín pé ohùn ọ̀rọ̀-ìṣe yìí àti àbọ̀ tí ó tẹ̀lé e ni a fi ń mọ ìtumọ̀ rẹ̀, àti pé olùkọ́ tí ó bá fi «manger» nìkan túmọ̀ rẹ̀ lè fa àṣìyé tí yóò ba orúkọ ẹlòmíràn jẹ́.

1. Ohùn

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ohùn yà sọ́tọ̀. Èkíní, pẹ̀lú ohùn àárín, ni «jẹ»: ọmọ náà jẹ ẹ̀wà. Èkejì, pẹ̀lú ohùn òkè, ni «jẹ́»: ó jẹ́ àgbẹ̀; ó jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an; oògùn náà jẹ́. Ẹ̀kẹta, pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀, ni «jẹ̀»: àwọn ewúrẹ́ ń jẹ̀ kiri. Ìbáà ṣe ɛ ti álífábẹ́ẹ̀tì Bẹ̀nẹ̀ ni a lò, ìbáà ṣe ẹ ti Nàìjíríà, lẹ́tà nìkan kò lè ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀. Àmì ohùn ni ó lè ṣe é.

2. Àbọ̀

Ẹ jẹ́ kí a mú «jẹ» olóhùn àárín nìkan. Ohun rere lè jẹ́ àbọ̀ rẹ̀: jẹ èrè, jẹ ogún, jẹ oyè. Ohun tí ó wúwo náà lè jẹ́ àbọ̀ rẹ̀: jẹ ìyà, jẹ gbèsè, jẹ ẹ̀bi. Ibi tí gbogbo wọn ti pàdé ni pé ohun kan ti di ti ẹni náà, ìbáà dùn, ìbáà korò, gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ tí a gbé mì ti di tiwa.

3. Ìpajẹ fáwẹ̀lì

Nínú ọ̀rọ̀ sísọ, a sábà máa ń pa fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀-ìṣe náà jẹ: jèrè, jogún, joyè, jìyà. Kọ́ńsónáǹtì j nìkan ni ó ṣẹ́ kù, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì rí «jẹ» mọ́. Kí olùkọ́ tú u fún un: jìyà ni jẹ ìyà. Kí a ṣọ́ra pẹ̀lú fún «jẹ̀bi». Ohùn ìsàlẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ ti ara «ẹ̀bi» wá. Kì í ṣe «jẹ̀» ti ewúrẹ́. Bákan náà, «jẹ́rìí» ti inú «jẹ́ ẹ̀rí» wá, kò sì bá «jẹ» olóhùn àárín tan.

4. Ìwé owó ẹgbẹ́

Ẹ wo gbólóhùn mẹ́ta wọ̀nyí:

(a) Káyọ̀dé jẹ ẹgbẹ́ ní owó.
(b) Káyọ̀dé kó owó ẹgbẹ́ jẹ.
(d) Káyọ̀dé jẹ owó ẹgbẹ́.

Ajigbèsè ni Káyọ̀dé nínú (a). Yóò san án nígbà tí ó bá kórè. Olè ni nínú (b). Ṣùgbọ́n (d) lè gba ìtumọ̀ méjèèjì. Bí akọ̀wé bá kọ (d) sínú ìwé, tí a sì kà á sí etí ìgbọ́ gbogbo ẹgbẹ́, àwọn kan yóò gbọ́ gbèsè, àwọn kan yóò gbọ́ olè. Ewu náà tún pọ̀ sí i nígbà tí a bá ń túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé. Nínú Faransé tí a ń sọ ní ilẹ̀ wa, ìkówójẹ ni «manger l'argent». «Devoir» ni a ń lò fún gbèsè. Ẹni tí ó bá túmọ̀ (d) ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti sọ ajigbèsè di olè láìmọ̀.

Nítorí náà, a gba àwọn olùkọ́ níyànjú pé kí wọ́n kọ́ni ní «jẹ» pẹ̀lú àbọ̀ rẹ̀, kí wọ́n má ṣe kọ́ni ní òun nìkan. Kí wọ́n fi àmì sí ohùn «jẹ́» àti «jẹ̀» nígbà gbogbo. Kí wọ́n sì kọ́ àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ láti lo (a) fún gbèsè, kí wọ́n yẹra fún (d). Àwọn tí ń ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́ yóò ṣe wá lóore bí wọ́n bá ń kọ odidi gbólóhùn tí wọ́n ti gbọ́ «jẹ» sílẹ̀, pẹ̀lú ohùn rẹ̀.